Ìjókòó Kejì

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín bátìrì kù!” ni ẹnjiníà kígbe sí ọkùnrin oníbátìrì lórí fóònù. Òun ló ń pín ìwúwo fún gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn méjì lọ gbé orí òṣùpá fún ọdún kan. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àròpọ̀ ti ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Ọ̀gá sì ti búra: bí kò bá dín kù lónìí, ìrìn àjò dópin.

“Àbúrò, ṣé àdúrà ni kí ọkọ̀ máa fi tanná?”

Ó pe obìnrin onítáńkì omi.

“Ẹ yọ omi, kí ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mu òógùn ara wọn!” ni ìyẹn fèsì.

Kálukú di tirẹ̀ mú bí ìkókó ṣe ń di ọyàn mú. Ẹnjiníà gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo àwòrán ọkọ̀ náà títí, ó pa ìjókòó kejì rẹ́. Oúnjẹ, omi àti aṣọ ẹni tó ni ín bá a lọ. Àròpọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ni, awakọ̀ òṣùpá.

“Ìyàwó mi àtàtà, ọ̀gá ní a ń lọ! Ṣé o ti di ẹrù tìẹ?”

“Ẹrù tèmi ò wúwo mọ́,” ló fèsì.