Kọ̀ǹpútà Bàbá Mongi Tún Ti Yọnu

Kọ̀ǹpútà mi ti darúgbó, kò lè gbé ẹrù wúwo mọ́.

Mo bẹ Yosra, ọmọ ilé tó kọjú sí tiwa ní ìlú Sfax, ní Tùnísíà, pé kó wá bá mi fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tó fúyẹ́, sí i.

Yosra sọdá títì wá. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ ti ń sáré.

Ọjọ́ kejì, mo tún pè é.

"Gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ti pòórá."

"Bàbá Mongi, kí lẹ tẹ̀?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan o."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ara ẹ̀ léṣe, Bàbá."

Ó tún un ṣe, ó jẹ àkàrà dídùn makrúd méjì, ó padà sílé.

Ọjọ́ kẹta, ohùn ò jáde mọ́. Ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀, kò hàn.

"Ọwọ́ yín yìí, ó yẹ ká dè é mọ́lẹ̀ ni." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Lónìí, ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú gbogbo àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀ sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

"Bàbá, ẹni tó kọ èyí mọ ohun tó ń ṣe."

Mo jẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n máa wá nǹkan pè é sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n Yosra, oṣù mẹ́rin gbáko, kò jáde nílé, àfi ìgbà tí mo pè é.

Yosra nujú, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Lọ́la ńkọ́? Kí ló máa bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

"Aago mẹ́wàá ni màá dé."