Gíláàsì Fèrèsé Tí Lazarus Fi Sí Iwájú Jíìpù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á parí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tí ìlú sì ń yìn yín.

1.
Ní ọdún 1982, kò sí ẹni tí kò mọ Lazarus onígíláàsì ní Iloffa. Òun ló gé gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló gé ti ilé àwọn tíṣà, òun náà ló ń fi gíláàsì bo fọ́tò àwọn àgbà tó ti lọ. Bí ó bá fi irin rẹ̀ fa ìlà kan lórí gíláàsì, tó wá fi ìka kàn án pẹ́, á pín sí méjì láìsí pé ẹ̀rún kan bọ́ sílẹ̀. Inú ìlú dùn sí i. Inú tirẹ̀ náà dùn sí ara rẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti ń ṣiṣẹ́ náà, kò dá oníbàárà kankan padà rí.

2.
Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, jíìpù funfun ńlá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irú rẹ̀ kò tíì wọ Iloffa rí. Àga inú rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tí táyà lọ́rì kan ta ní ọ̀nà Òmù-Àrán ti fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀.

Adégbóyèga ló ni ín, ọmọ ìlú Koro, agbaṣẹ́ṣe ní Kàdúná. Ó ti kọ́ ilé sí Koro fún ìyá rẹ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ kejì ni ìyá náà máa wọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá Lazarus, olórí ọdẹ ni bàbá mi kó tó kú. Àwọn ọdẹ máa yìnbọn pàdé ìyá mi lẹ́nu ìlú. Ṣé ọkọ̀ tójú ẹ̀ rí báyìí ni kí n fi gbé e wọ Koro?"

"Ọ̀la kẹ̀?"

"Ọ̀la ni. Ní Ìlọrin, wọ́n ní Èkó ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún mi, kò sí wàhálà. Màá háyà mọ́tò míì."

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn tó! Ṣùgbọ́n èrò ti yí jíìpù náà ká. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ta lẹ ń bi? Lazarus kẹ̀? Ó ti parí nìyẹn!"

Orí Lazarus wú. "Ẹ wá ibì kan jókòó sí, ẹ mu omi," ló sọ.

3.
Ìyàwó rẹ̀, Damaris, ló bá a gbé gíláàsì tó fọ́ náà kúrò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn.

"Bàbá Táyé, ẹ wo nǹkan. Èyí fọ́ wómúwómú, síbẹ̀ ó dì mọ́ra. Ṣé tiwa lè ṣe báyìí?"

Lazarus mọ̀ pé kò lè ṣe é. Ó ti rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sáàárín gíláàsì ọkọ̀ náà, tó di gbogbo ẹ̀rún rẹ̀ mú. Gíláàsì fèrèsé ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ìyẹn bá sì fọ́, bí ọ̀bẹ ló ń rí.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí láàárín èrò ni?"

"Ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń rò ní tèmi."

Lazarus fa gíláàsì fèrèsé kan yọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó fi rọ́bà há a. Ó wọlé wẹ́kú! Ó fi ìwé ìròyìn nù ún títí àwọsánmà fi hàn nínú rẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Adégbóyèga ní dandan ni kó bá wọn lọ sí Koro.

4.
Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n gbéra. Màmá Adépéjú, ìyá Adégbóyèga, jókòó níwájú. Lazarus wà lẹ́yìn.

"Lazarus, ṣé ìwọ lo tún ọkọ̀ ọmọ mi ṣe?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun. Mò ń rí gbogbo oko tí mo ti ro nígbà ọ̀dọ́. Ulé mi, ilé tèmi, ni mò ń lọ yìí."

Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Bí wọ́n ṣe jáde nínú ọ̀kan, Lazarus gbọ́ "tín!" Ó nàgà wò. Ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ti yọ ní igun gíláàsì, níwájú màmá gan-an.

"Ẹ dúró" péré ló yẹ kó sọ. Ó la ẹnu. Àṣé wọ́n ti dé ẹnu ìlú. Adégbóyèga yọ orí síta, ó ń pariwo pé, "Lazarus ará Iloffa ló ṣe é!" Àwọn èèyàn hó yèè. Lazarus pa ẹnu dé, ó jókòó dáadáa, ó sì ń juwọ́ sí wọn.

Àwọn ọdẹ yin ìbọn mẹ́ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ mi ọkọ̀. Gbogbo gíláàsì náà wó wọlé.

5.
Dókítà rán ojú Màmá Adépéjú, ṣùgbọ́n ẹyinjú ọ̀tún ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tó fà á lọ́wọ́ wọ ilé tuntun rẹ̀.

Lazarus àti Damaris lọ bẹ̀ ẹ́. Lazarus dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Adégbóyèga kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Lazarus," ni màmá wí, "ṣé o mọ̀ pé gíláàsì yẹn kì í ṣe ti mọ́tò?"

Ì bá purọ́. Kò sẹ́ni tó máa já a.

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú ló tì mí, mà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé n kò lè ṣe é."

Màmá fọwọ́ kan ojú ọ̀tún rẹ̀. "Ọmọ mi ì bá kàn háyà mọ́tò ni. Èmi ì bá sì fojú méjèèjì wo ulé mi."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé fọ́tò lásán wá fún Lazarus mọ́. Oko ló ń lọ báyìí.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa fi iṣẹ́ yín yangàn, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín: èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ gbogbo ìlú ló ń wò yín. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ títí. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, tí ẹ wá rí àléébù rẹ̀, ẹ pariwo kí ẹlòmíràn tó fara gbá a.