Yàrá Tí Olúbọ̀wálé Fi Ta Ọlọ́run Lọ́rẹ

Àgàbàgebè ni àléébù Olúbọ̀wálé. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ ará ìjọ báyìí, ṣùgbọ́n ìwà tí ó hù ń kó mi nírìíra títí di òní. Ó fẹ́ kí a máa yin òun ju kí ó ṣe rere lọ, Bíbélì ni ó sì fi ń bo ara.

Ọmọ Èkìtì ni, akọ̀wé ìjọba. Baba rẹ̀ kú ní kékeré rẹ̀, kòkó tí ìyá rẹ̀ ń tà ni ó fi kàwé. Nígbà tí owó Údójì dé, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, tí àwọn akọ̀wé ń ra mọ́tò àti tẹlifíṣọ̀n, Olúbọ̀wálé kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ṣógúnlé. Ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé yàrá ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ń dun màmá, kò lè gun àtẹ̀gùn. Màmá gbà á gbọ́. Ó pín ìkòkò àti ewúrẹ́ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ó sì múra Èkó.

Kí ó tó dé ni a ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan fi àga ta ìjọ lọ́rẹ, ẹnìkan fi aago. Olúbọ̀wálé dìde, ó ní òun fi yàrá ìsàlẹ̀ ilé òun fún Ọlọ́run, kí kíláàsì Bíbélì máa lò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí kíláàsì. Nígbà tí màmá dé, bẹ́ǹṣì ni ó bá nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé kò sí ẹni tí í bá Ọlọ́run du nǹkan, ó sì tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pálọ̀ kan wà lókè tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, tí ọ̀rá ṣì wà lára àga ibẹ̀. Kò fi ìyẹn ta Ọlọ́run lọ́rẹ. Fún àwa, ó ní màmá fẹ́ràn atẹ́gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Kíláàsì wa ní àṣà kan, Olúbọ̀wálé ni ó sì dá a sílẹ̀. A ó jókòó yí ká, oníkálukú yóò ka ẹsẹ kan, yóò wá sọ ohun tí ẹsẹ náà ń bá òun wí, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ẹsẹ tirẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Nígbà kan tí ẹsẹ òfófó bọ́ sí Adébímpé lọ́wọ́, Olúbọ̀wálé kò jẹ́ kí ó sinmi títí ó fi dárúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ìwé Máàkù ni à ń kà. Nígbà tí a dé orí keje, Olúbọ̀wálé ní kí a fò ó, pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwẹ̀ àwọn Júù ni ó wà níbẹ̀. Tíṣà Ilésanmí, ẹni tí ó dàgbà jù láàrin wa, ní a kì í fo orí. Olúbọ̀wálé wo bí a ti jókòó, ó ṣírò, ó sì sún lọ sẹ́yìn Felicia, ọ̀kan nínú wa, kí ẹsẹ tí ó ń bẹ̀rù lè bọ́ sí Felicia lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń sá fún Ìwé Mímọ́ nínú kíláàsì Bíbélì, kí ni a ó pè é?

Òjò dé, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Felicia sáré jáde lọ ran màmá lọ́wọ́, ẹsẹ sì kan Olúbọ̀wálé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ó ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Kọ́bánì ni, pé ohun tí ìyá ìbá jẹ lára òun ti di ti Ọlọ́run. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní àwọn Farisí ni ẹsẹ náà ń bá wí.

Felicia dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹní tí ó rin gbindin. Ó ní, "Ibí ni màmá ń sùn."

Tíṣà Ilésanmí wo Olúbọ̀wálé. "Dárúkọ ara rẹ."

"Ohun tí mo ti fún Ọlọ́run, n kò ní tìtorí ènìyàn gbà á padà."

Màmá wà lẹ́yìn Felicia, ó gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Títí ọmọbìnrin màmá, tí ó ń ránṣọ ní Ìsọ̀lọ̀, wá mú un lọ. Yàrá kan ni Títí ní, ẹ̀rọ ìránṣọ sì gba ìdajì rẹ̀. Kíláàsì tẹ̀ lé màmá lọ síbẹ̀, orí ilẹ̀ ni à ń jókòó sí. Ìgbà tí Olúbọ̀wálé rí i pé bẹ́ǹṣì òun ṣófo ni ó tó wá bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó padà wá gba yàrá.

Màmá ní, "Ọmọ mi, yàrá yẹn ti di ti Ọlọ́run. N kò ní bá A du ú."

Ọyẹ́ ọdún náà ni màmá kú. Olúbọ̀wálé kun yàrá ìsàlẹ̀ lọ́dà, ó fi kọ́tìnnì tuntun kọ́, ó pe àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti gbogbo ará ìlú wọn tí ó wà ní Èkó sí ìsìn àìsùn. Ó wá gbé mọ́tò lọ sí Ìsọ̀lọ̀ láti gbé òkú. Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní màmá ti sọ ọ́ kí ó tó kú pé òkú òun kò gbọdọ̀ wọ yàrá Ọlọ́run, ibi tí wọ́n ti gba òun láyè ni kí wọ́n ti ṣe àìsùn òun. Olúbọ̀wálé yíjú sí àwọn àgbà ìlú wọn, àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ òkú ni àṣẹ.

Yàrá Títí kún, àkọ́bí màmá kò rí àyè wọ inú rẹ̀. Ìta ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí à ń kọrin fún ìyá rẹ̀, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ ilé rẹ̀ ni. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn ará ìlú wọn kò pè é sí ìpàdé mọ́. Yàrá Ṣógúnlé wà ní títì pa títí di òní. N kò gbọ́ pé Ọlọ́run wọ ibẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ gbọ́ o. Ọlọ́run kì í gba ẹ̀bùn tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá ẹni, nítorí òun náà ni ó pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún ìyá. Ẹ má fo ẹsẹ tí ó bá ń ta yín lára, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ni a tìtorí yín kọ. Kí ẹ sì tó fún Ọlọ́run ní yàrá, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín, bóyá ẹnìkan ń sùn síbẹ̀.