Ìyá Tó Ń Jowú Tíṣà Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì.

1.
Rúùtù ń yan ẹja ní Mahintedo, ìlú etí omi. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Promise, ọmọbìnrin ọdún méjìlá. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣàdédé kọ̀, kò lè dúró mọ́. Kòfowórọlá, tíṣà rẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú, ló bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé ọsíbítù ńlá. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara Promise tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jà. Wọ́n fa oògùn sí i lára fún ọjọ́ márùn-ún. Ó dìde, ó rìn.

"Àìsàn yìí lè padà wá o," ni dókítà wí. "Bí ojú rẹ̀ bá ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún kọ̀, ẹ má dúró rárá."

2.
Láti ìgbà náà, orúkọ tíṣà yìí, Àǹtí Kòfó, ṣáá ló ń wà lẹ́nu Promise. Bí Rúùtù bá se ọbẹ̀, ọmọ a ní, "Ti Àǹtí dùn ju báyìí lọ." Rúùtù a máa kùn nínú ara rẹ̀ pé: Ta ló lóyún? Ta ló rọbí?

Ní ọjọ́ Ajé kan, tíṣà sáré wọlé.

"Ìyá Promise, ọmọ yín ní ojú òsì òun ti ṣú láti àná. Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ojú tó ṣú kọ́ ló dun Rúùtù. Ohun tó dùn ún ni pé tíṣà lọmọ kọ́kọ́ sọ fún.

"Ṣé ìwọ lo bá mi bí i ni? Má tẹ ilé mi mọ́!"

Ó ra oògùn ojú lórí àtẹ, ó ń kán an sí ọmọ lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tíṣà padà wá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé e.

3.
Lọ́jọ́ kọkànlá, Promise kò lè jókòó mọ́. Rúùtù fẹkún sáré lọ kan ilẹ̀kùn tíṣà. Kòfowórọlá wọ bàtà lójú ẹsẹ̀. Ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ọsíbítù ńlá.

Lọ́tẹ̀ yìí, oògùn tí wọ́n fà sí i lára kò ká àìsàn náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ yọ omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹsẹ̀ bọ̀ sípò. Ojú òsì kò là mọ́.

"Ká ní ẹ tètè dé ni, bóyá à bá rí ojú náà gbà là," ni dókítà wí.

Promise yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìbínú yín ló bà mí lẹ́rù."



Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yín kò gbà á lọ́wọ́ yín o! Bí ojú ọmọ bá ṣàdédé ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni yòówù kó kọ́kọ́ rí i. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó.