Àpótí Ìṣirò Mo-ti-mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì, ẹ kà á dé òpin. Ìwọ tí "mo ti mọ̀" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tí o bá sọ fún un, á ní òun ti mọ̀, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ṣe àpótí ìṣirò kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn aránṣọ: kọ (42 + 6) ÷ 4 síbẹ̀, á dá ọ lóhùn pé 12. Inú kọ̀ǹpútà tó ń bá àpótí náà ṣe ìṣirò ni ìwọ̀n gbogbo oníbàárà ìyàwó rẹ̀ wà, ti ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sínú àpótí náà, kọ̀ǹpútà á ṣe é, ìbáà jẹ́ ìṣirò, ìbáà jẹ́ àṣẹ pé kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́.

2.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó pẹ́ jù ú lọ nídìí iṣẹ́ náà, wò ó, ó mi orí.

"Àbúrò mi, ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti àkámọ́ nìkan ni kó máa gbà. Èyí tó bá kù, kó kọ̀ ọ́."

"Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àṣẹ burúkú mọ́kànlélógún ni mo ti tilẹ̀kùn mọ́."

"Ṣé ìwọ lo wá mọ gbogbo wọn tán? Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í ka orúkọ olè. Orúkọ ọmọ ilé ló ń kà."

Mo-ti-mọ̀ fi ẹ̀rín gbé e.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹnì kan tá ò mọ̀ títí dòní kọ àṣẹ kejìlélógún sínú àpótí náà.

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ ké sí i: "Bàbá Ìbejì, ẹ wá wò ó! Kò sí ìwọ̀n kankan níbí mọ́. Aṣọ akọrin ogójì tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé ńkọ́? Ẹ̀dà ìwọ̀n wọn dà?"

Inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni Mo-ti-mọ̀ tọ́jú ẹ̀dà sí; òun náà ti pa rẹ́.

"Mo ti..." Kò lè parí rẹ̀. Ó jókòó sórí àkìsà aṣọ, ó sunkún bí ọmọdé.

4.
Ìyàwó rẹ̀ mú téèpù ìwọ̀n.

"Ẹ dìde. Ìwọ̀n ló sọnù, ara wọn ò sọnù. Ẹ pè wọ́n."

Nígbà tó máa fi di Túsìdé, àwọn akọrin ti tò sí àgbàlá. Ìyàwó ń wọ̀n, ọkọ ń kọ. Àwọn mọ́kànlá ti sanra! Ìwọ̀n àtijọ́ ì bá dójú tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n náà dé, wọ́n jọ tún àpótí ṣe: nọ́ńbà àti nǹkan márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n kà sílẹ̀ nìkan ló ń gbà. Mo-ti-mọ̀ fúnra rẹ̀ kọ àṣẹ burúkú kan sí i. Àpótí dáhùn pé: "Èyí kì í ṣe ìṣirò."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, aṣọ ogójì ba ara ogójì mu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jókòó máa ka ibi tí ọ̀tá lè gbà wọlé, ẹ ò lè kà á tán. Èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀ dájú ni kẹ́ ẹ gbà láàyè, kẹ́ ẹ sì gbọ́rọ̀ sí ẹni tó ṣáájú yín lẹ́nu. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.