Àwòrán Tó Dé Kẹ́yìn

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín yàrá bàbá wọn ní Ẹnu Ọ̀wá, Mọ̀núrù rán àbúrò rẹ̀ lọ ra yìnyín ní CMS. Kí ó tó padà, wọ́n ti pín in tán láìfún un ní nǹkan kan. Àbúrò náà ti di wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ báyìí, kò sì gbàgbé.

Mọ̀núrù, tó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà, pè é wá wo ojú ewé tó ṣe fún ìdílé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán àwọn ọmọ bàbá ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbín. Àṣẹ tí Mọ̀núrù kọ sínú ewé náà fi ìlà aláwọ̀ wúrà yí wọn ká. Ti wẹ́dà ló yọ kẹ́yìn, ìhòòhò ló sì wà, kò sí ìlà wúrà kankan tó yí i ká.

“Wúrà tán, Bọ̀dá?”

“Àṣẹ yẹn ti ṣiṣẹ́ tán kí àwòrán rẹ tó dé.”

“Kò lè dúró ni?”

“Ó lè dúró bí mo bá ní kó dúró. Mo rò pé gbogbo yín ti pé ni.”

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa yàrá náà nìyẹn.”

Mọ̀núrù tún àṣẹ náà kọ, ó ní kí ó dúró de gbogbo àwòrán. Wọ́n jọ dúró títí wúrà fi yí ojú wẹ́dà ká.

“Wúrà ti dé. Yàrá dà?”

Mọ̀núrù ò wo ojú rẹ̀.

“Yìnyín wà nílé lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo gbé e pamọ́ sí. Ibẹ̀ ló yọ́ sí.”