Aṣọ Tí Kì í Ṣe Títà

Hemolata ti pinnu kó tó kúrò ní Kolkata pé òun ò ní padà sílé láìgbé kántà lọ́wọ́. Nílé tiwọn, ọmọ tuntun kì í sùn sórí aṣọ ọjà lásán. Ìyá ìyá rẹ̀ ni í kó ògbólógbòó sárì jọ, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ múlọ́múlọ́, tí á tò wọ́n léra, tí á sì fi abẹ́rẹ́ rán an wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí á fi di kántà. Ṣùgbọ́n Malobika, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò ní ìyá. Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ló ti relé ọkọ. Oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje.

"Èmi ni màá ṣe ìyá, èmi náà ni màá ṣe ìyá ọkọ," ni Hemolata wí nínú ọkọ̀ ojú irin. "Ìwọ ṣáà máa nawọ́ sí èyí tó bá wù ẹ́."

"Màmá, ṣé a ò kúkú lè rà á ní Kolkata? Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ní fáànù."

"Ìyàwó oní-fáànù! Bolpur là ń lọ jàre."

Lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́ igi ni ọjà Bolpur máa ń wà, lórí erùpẹ̀ pupa. Àwọn tó ń ta àpò aláwọ wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń ta ère alámọ̀ àti ẹ̀gbà onídẹ. Malobika fa etí sárì rẹ̀ bo orí dé iwájú, ó sì fi awò dúdú bojú. Ó ní oòrùn ń dun òun lójú. Ó ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi odò, pé ọjà ibẹ̀ dára jù.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo gbọ́ ni, Màmá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi odò. Kò sí kántà tí Hemolata ò yẹ̀ wò, kò sì sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Èyí ò tíì rí omi rí! Ṣé ẹ fẹ́ fi bó ọmọ lára ni?" Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ títí wọ́n fi já sọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ sárì funfun opó. Kò pe oníbàárà bí àwọn yòókù. Abẹ́rẹ́ ló gbájú mọ́.

"Màmá, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣebí ẹsẹ̀ tó ń ro ẹ́ náà ni ká fi jókòó."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo Hemolata, ó wo Malobika, ó wo ikùn rẹ̀, ó sì ti ẹní tó jókòó lé síwájú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jókòó síbí. Ilẹ̀ lásán ò dáa fún aboyún."

Ibi tí obìnrin náà ti ń sún ni Hemolata ti rí aṣọ kan lábẹ́ itan rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe títà, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin yìí! Ọjà wo ni wọ́n ti ń jókòó lé nǹkan tí wọn ò tà?"

"Ọmọ ọmọ mi ni mo rán an fún."

"Wọ́n ti bí i?"

"Wọn ò tíì bí i."

Hemolata ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó tú u. Ẹja wà lára rẹ̀, òdòdó wà, erin kékeré wà ní igun kan, abẹ́rẹ́ sì gún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi pé èèrà ló rìn kọjá. Àwọ̀ pupa etí sárì náà ti ṣí. Ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Lẹ́yìn náà lẹ̀rù bà á.

"Sárì ta ni o? Mi ò lè fi aṣọ òkú wé ọmọ."

"Aláṣọ wà láàyè," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ mi wà."

"Ẹ dá aṣọ wọn padà fún wọn, Màmá," ni Malobika wí. "Wọ́n ní àwọn ò tà á." Ojú ń tì í. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

"Dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn! Torí ta ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀?" Hemolata kọjú sí obìnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ò ní ìyá. Ìyá ẹ̀ ti kú kó tó wọlé wa. Tí ìyá ẹ̀ bá wà, ṣé èmi ni ǹ bá máa jà ràn-ìn nínú oòrùn yìí?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí abẹ́rẹ́. "Ìyá ẹ̀ ti kú?"

"Ó ti pẹ́. Àìsàn ni, àbí, Malobika?"

Malobika mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó mà ṣe o," ni obìnrin náà wí. Ó ká aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó sì gbé e lé Malobika lẹ́sẹ̀. "Kó máa mú un lọ."

"Ti ọmọ ọmọ yín wá ńkọ́?"

"Ọmọ tèmi ò tíì wá bèèrè."

Hemolata dá iye kan, iye tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìnájà lásán, obìnrin náà sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú wá ti Hemolata pẹ̀lú. Ó rí i pé òun ti gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ tálákà tí wọn ò tíì bí. Ó fi owó kún owó, ó sì sọ fún Malobika pé kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá náà, kí wọ́n lè súre fún un.

Malobika tẹ̀ ba tòun ti ikùn. Ó pẹ́ nílẹ̀ débi tí Hemolata fi ní láti dì í lápá mú kó tó lè dìde. Ọwọ́ obìnrin náà wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà.

"Wàá bí i tìrọ̀rùn," ló wí. "Kí ọmọ rẹ máa fi ọ́ yangàn."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Hemolata gbé kántà náà lé itan, ó ń fọwọ́ pa erin rẹ̀. "Èèyàn gidi lobìnrin yẹn. A ò tiẹ̀ bi í pé kí lorúkọ ẹ̀. Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é?"

"Mi ò gbọ́, Màmá."

Surobala ni obìnrin náà ń jẹ́, òun ló bí Malobika, orúkọ rẹ̀ yìí sì ni Malobika fi sẹ́nu ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Mahalaya tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú, pé kó bá òun pè é létí odò Ganga bó ṣe ń bu omi fún àwọn òkú ilé wọn.